Kí Ẹ Tó Sanwó Púrósẹ́sọ̀, Ẹ Béèrè Bọ́ọ̀dù Rẹ̀

Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé: "Tí mo bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà tèmi fúnra mi, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe àti iná tí ẹ ní. Lẹ́yìn náà, ẹ yan mọ́dàbọ́ọ̀dù àti púrósẹ́sọ̀ papọ̀, bí ẹni tó ń yan bàtà pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹ má ra ọ̀kan sílẹ̀ láìmọ èkejì. Màá fi ohun tí mo rà fún àbúrò mi ṣàlàyé, kó lè yé yín dáadáa.

Rolla méjì, ọjà kan

Rolla ni mò ń gbé, ní ìlú Sharjah. Igi ńlá kan ló fún àdúgbò náà lórúkọ. Igi bányánì ni, ẹbí igi ọdán tí a máa ń gbìn sójà àti síwájú ààfin nílé. Igi náà wó lọ́dún 1978. Ère tí wọ́n ṣe bí igi ni ẹ máa rí láàárín pápá Rolla báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń jókòó síbẹ̀ gba afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi.

Rolla kejì wà ní Dubai. Òpópónà Al Rolla ni, ní Bur Dubai. Kò jìnnà rárá sí òpópónà Khalid bin Al Waleed, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Computer Street. Ilé ìtajà Al Ain Centre wà ní agbègbè yẹn náà, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ Otígbà ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ ti mọ irú ọjà náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù wà, kò sì sí ẹni tó máa fa apá yín wọ ṣọ́ọ̀bù. Láti Sharjah, bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ ní ibùdókọ̀ Jubail lọ sí Al Ghubaiba, lẹ́yìn náà màá fẹsẹ̀ rìn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń lò ti ń dá a dúró. Tó bá fẹ́ gé fídíò wákàtí kan, ó lè fi gbogbo òru jókòó tì í, àwọn oníbàárà á sì máa pè é láti àárọ̀ pé "Ṣé ó ti jáde?" Nígbà tó kó àjọ rẹ̀, ó fi owó náà ránṣẹ́ sí mi, ó sì kọ ọ́ sí WhatsApp pé: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra i9. Gbogbo àwọn tí mò ń wò lórí YouTube, i9 ni wọ́n ń lò."

Owó àjọ kì í ṣe owó tí wọ́n ń fi dánra wò. Ó ṣì máa dá àjọ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti kó o. Tí nǹkan tí mo rà kò bá ṣiṣẹ́ nílé, kò sí bó ṣe máa gbé e padà wá sí Dubai. Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Torí náà mi ò lọ ra i9. Mo pè é, mo sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo gan-an lo fẹ́ ṣe? Iná wo lo ní? Kí lo ti ní nílẹ̀ tá a lè tún lò?

Ó ní fídíò 1080p ló pọ̀ jù, 4K lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ínfátà oníbátìrì kan, 12V 200Ah, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Ó ní púrósẹ́sọ̀ inú kọ̀ǹpútà òun ni Core i5-6500, àti pé RAM rẹ̀ jẹ́ DDR4, 8GB méjì. Ìdáhùn mẹ́ta yìí ló yan kọ̀ǹpútà náà, kì í ṣe èmi.

Ẹ ka wáàtì kí ẹ tó ka core

Core ni òṣìṣẹ́ inú púrósẹ́sọ̀. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n lè pín láàárín ara wọn ṣe pọ̀ tó. Core i9-14900K ní core 24. Agbára ńlá ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ohun tí Intel fúnra rẹ̀ kọ ni pé ó lè jẹ iná tó tó 253W nígbà tó bá ń sáré. Ẹ fi káàdì àwòrán àti skrínì kún un, ẹ ti lè kọjá 400W.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bátìrì àbúrò mi. 12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2400Wh. Bátìrì olómi kì í fẹ́ ká lò ó kọjá ìdajì, tí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 1200Wh. Ínfátà náà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé bíi 1000Wh ló kù. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 400W á pa á láàárín wákàtí 2 àti ààbọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 130W pẹ̀lú skrínì rẹ̀ á lò tó wákàtí 7. NẸ́PÀ kì í sì í kìlọ̀ kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wo Core i5-12400. Core mẹ́fà ló ní, iṣẹ́ 12 ló sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. 65W ni Intel kọ sí i lára, ó lè gun òkè dé 117W tó bá le. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà tó wà lára páálí kọ́ ni òpin. Ní ti AMD náà, Ryzen 5 5600 tí wọ́n kọ 65W sí lè jẹ 76W. Ẹ máa bi wọ́n ní iye tó lè jẹ jù, kì í ṣe iye tó wà lára páálí nìkan.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: ilé tí púrósẹ́sọ̀ ń gbé

Ìbéèrè tí àbúrò mi tún bi mí rèé: "Ṣé a ò kàn lè yọ púrósẹ́sọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ká fi tuntun sí i? Ṣebí owó á kù." Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mọ́dàbọ́ọ̀dù, tí a kàn máa ń pè ní bọ́ọ̀dù, ni pẹpẹ tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà jókòó lé: púrósẹ́sọ̀, RAM, ibi ìpamọ́, okùn iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ojú onígun mẹ́rin tó wà lórí rẹ̀, níbi tí púrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní ìran púrósẹ́sọ̀ tirẹ̀.

i5-6500 ti àbúrò mi ń gbé nínú LGA1151, tó jáde lọ́dún 2015. Lọ́dún 2017, Intel gbé i5-8400 jáde. Orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ti òun náà ni LGA1151. Tí ẹ bá gbé e sórí bọ́ọ̀dù 2015, á jókòó pẹ̀sẹ̀, àmọ́ kò ní tàn. Intel ti yí ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé padà, ó sì ní bọ́ọ̀dù tí chipset rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 300 ló wà fún un. Chipset ni ẹ̀yà kékeré lórí bọ́ọ̀dù tó ń darí ọ̀nà láàárín púrósẹ́sọ̀ àti àwọn nǹkan yòókù. Torí náà, orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ẹ lọ sí ojú-ewé bọ́ọ̀dù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àkójọ púrósẹ́sọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó gbà.

Ní ṣókí, bí ìran wọn ṣe tò rèé. Ní ti Intel: LGA1200 jáde lọ́dún 2020 fún ìran 10 àti 11. LGA1700 jáde lọ́dún 2021 fún ìran 12, 13 àti 14. LGA1851 jáde lọ́dún 2024 fún Core Ultra 200S. Ní ti AMD: AM4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, AM5 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022.

AMD kì í tètè kó kúrò nílé. Ryzen 7 5800X3D tó jáde lọ́dún 2022 ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ti rà láti 2017, tí wọ́n bá ti sọ BIOS wọn dọ̀tun. BIOS ni ètò kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú bọ́ọ̀dù kí Windows tó jí. AMD sì ti ní òun á máa ti AM5 lẹ́yìn títí di 2027, ó kéré tán. Tí ẹ bá wà ní London tàbí Houston, tí iná kì í lọ, tí ẹ sì fẹ́ máa pààrọ̀ púrósẹ́sọ̀ láìra bọ́ọ̀dù mìíràn, AM5 ni màá ní kí ẹ wò. Àmọ́ ẹ rántí pé DDR5 nìkan ló ń gbà.

RAM tó wà nílẹ̀ ló yan bọ́ọ̀dù

DDR4 àti DDR5 jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà létí wọn yàtọ̀, ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. LGA1700 ló yàtọ̀ díẹ̀ nínú gbogbo wọn: bọ́ọ̀dù kan á gba DDR4, òmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ B760 á gba DDR5. Ẹ máa wo "D4" tàbí "DDR4" lára orúkọ rẹ̀. Torí pé àbúrò mi ti ní 16GB DDR4, bọ́ọ̀dù B760 tó ń gba DDR4 ló bá a mu. Owó RAM wọ inú àpò rẹ̀ padà nìyẹn. Mo sì mú èyí tó ní ihò RAM mẹ́rin, kó lè fi méjì sí i lọ́jọ́ iwájú láìju ti tẹ́lẹ̀ nù.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní VRM wà. Iná 12V ló ń wọlé, púrósẹ́sọ̀ kò sì fẹ́ ju bíi 1V lọ sí 1.4V. VRM ló ń rẹ iná náà sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn máa ń mú un gbóná. Lára bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ẹ kò ní rí irin kankan lórí rẹ̀ tó máa fa ooru náà jáde. Nínú yàrá tó tutù, ẹ lè má mọ̀. Nínú yàrá ní Ìbàdàn ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí fáànù kò yí, púrósẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Èmi tí mò ń gbé Sharjah, níbi tí ooru ti máa ń kọjá 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò fi ọ̀rọ̀ ooru ṣeré. Mo ra èyí tí irin wà lórí VRM rẹ̀.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Nígbà tí mo dé ọjà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan gbé i5-12400F fún mi. Owó rẹ̀ dín díẹ̀. Mo ní èyí tí kò ní F ni mo fẹ́. "Madam, same same," ló fi dá mi lóhùn, ó rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀kan náà o. Lẹ́tà F lára púrósẹ́sọ̀ Intel túmọ̀ sí pé kò ní ẹ̀ka tó ń gbé àwòrán sójú skrínì. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, skrínì á dúdú kirikiri. Fún ẹni tó ń gbá géèmù, tó ti ní káàdì nílẹ̀, F dáa, owó á kù sápò. Àmọ́ àbúrò mi kò ní káàdì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú ẹ̀ka àwòrán yẹn ni Quick Sync wà, ohun tí Intel ṣe láti máa tú fídíò H.264 àti H.265, irú èyí tí fóònù ń ká. Premiere Pro mọ̀ ọ́n lò. Fún oníṣẹ́ fídíò tí kò ní káàdì, lẹ́tà kan yẹn ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni K. Ó túmọ̀ sí pé ẹ lè fi tipátipá mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ bọ́ọ̀dù tí chipset rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra K sórí bọ́ọ̀dù H610 ti ra ẹṣin tí kò sí pápá tó máa ti sá. Ní ti AMD, Ryzen 5 5600 kò ní ẹ̀ka àwòrán, 5600G ní.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀

Mi ò kórìíra tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni tòkunbọ̀ kọ́ ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò.

Èkíní, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, àti púrósẹ́sọ̀ Intel ìran 8 tàbí Ryzen 2000 sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. i5-6500 kò sí nínú rẹ̀. Ó ṣì lè wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo Linux, àmọ́ kí owó rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ ńlá tò sábà máa ń ní bọ́ọ̀dù àti okùn iná tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ìdí nìyẹn tí RAM nìkan fi jẹ́ ohun tí a lè gbà nínú ti àbúrò mi.

Ẹ̀kẹta, wọ́n lè fi Xeon E5-2680 v4 fà yín: core 14 lówó pọ́ọ́kú! Ọdún 2016 ló jáde, 120W ló ń jẹ, kò ní ẹ̀ka àwòrán, kò sì sí nínú àkójọ Windows 11.

Ẹ̀kẹrin, lọ́dún 2024 Intel gbà pé àwọn púrósẹ́sọ̀ kan nínú ìran 13 àti 14 ń gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde nípasẹ̀ BIOS, wọ́n sì fi ọdún 2 kún wáráńtì. Àmọ́ àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀, ẹ rò ó dáadáa. Ìran 12 kò sí nínú wàhálà yẹn.

Bí mo ṣe sanwó

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo béèrè bóyá inú páálí ni púrósẹ́sọ̀ náà wà tàbí "tray". Tray ni èyí tí kò ní páálí. Owó rẹ̀ máa ń dín, àmọ́ kì í ní fáànù, ọwọ́ ẹni tó tà á nìkan sì ni wáráńtì rẹ̀ wà. Èyí tó wà nínú páálí ní fáànù, Intel sì ń fún un ní wáráńtì ọdún 3. Mo mú ti páálí.

Mo ní kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n sì tàn án níwájú mi. Mo rí i tí BIOS kọ orúkọ i5-12400 síta, láìsí F, kí n tó sanwó. Mo fi iná fóònù wo abẹ́rẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, torí pé ara bọ́ọ̀dù ni abẹ́rẹ́ Intel wà. Tí ọ̀kan bá ti tẹ̀, ìjà dé. Ti AM4, ara púrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà. Mo gba rìsíìtì tí nọ́ńbà owó orí wà lára rẹ̀, torí pé 5% ni VAT níbí láti ọdún 2018.

Mo tún ra ẹ̀rọ iná 550W tó dáa. Okùn rẹ̀ kò nílò àtúnṣe kankan, ojú iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni Sharjah àti Ìbàdàn ń lò. Àpótí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ní kó rà nílé, torí ìwúwo rẹ̀. Mo dá ìdérí ike padà sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi bọ́ọ̀dù sínú ọ̀rá rẹ̀ tó ń dènà iná àìrí, mo sì fún ọmọ ìlú wa kan tó ń lọ sílé pé kó gbé e sínú báàgì ọwọ́.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wọn ló bá a tò ó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gé fídíò ìkómọ kan lórí ínfátà, iná kò sì dé títí ó fi parí. Owó iṣẹ́ yẹn ló fi dá àjọ oṣù náà. Kò tíì tún dárúkọ i9 fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí

Tòkunbọ̀: ohun tó ti òkun wá, tí ẹlòmíràn ti lò rí.
Àjọ: owó tí ènìyàn púpọ̀ ń dá pọ̀, tí wọ́n ń kó ní ìkọ̀ọ̀kan.
Fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀: kí nǹkan má yára bó ṣe yẹ.
Owó pọ́ọ́kú: owó tí kò tó nǹkan.

Ẹ fi ọ̀kan nínú wọn sọ gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o. Kí ọjà máa tà fún yín, kí iná má lọ lójú iṣẹ́.